Marigold Ni àbí Heron Bend?

Tí wọ́n bá jáde báyìí, kí ni mo fẹ́ wí? Kí n ní... rárá. Kí n ní ilé Heron Bend yìí dáa. Ó sì dáa lóòótọ́, irọ́ kọ́. Òrùlé rẹ̀ le, ògiri rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìnkùlé àfi màlúù. Ta ni inú rẹ̀ ò ní í dùn sí irú ilé bẹ́ẹ̀?

Èmi. Èmi Verlyn Hoekstra, tí mo fi gbogbo ayé mi sin màlúù ní Iowa, èmi gan-an ni inú mi ò dùn sí i.

Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti sọ ọ́. Inú mi lọ́hùn-ún ni mo ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù tí Corinne fi gbé wa wá. Ohun tí gbogbo wọn ń gùn ní Larkmere, ìlú àwọn tó ti fẹ̀yìntì yìí, nìyẹn, àti ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù àti ẹni tí kò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ọ̀pá rẹ̀ mú. Corinne ló ń ta ilé fáwa tá a ti fẹ̀yìntì. Ó mọ gbogbo àdúgbò ibí bí ẹni mọ àwo inú ilé rẹ̀. Òun àti Marcene ìyàwó mi ló wà nínú ilé báyìí. Wọ́n ń wọn ògiri, bóyá kọ́bọ́ọ̀dù ìyá Marcene á gba ibẹ̀. Èmi ní kí n wo màlúù díẹ̀. Marcene rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i, Corinne? Mo sọ fún ẹ. Fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí ẹ̀."

Ẹbí mi! Wọ́n ń wò mí láti ẹ̀yìn wáyà, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Èmi náà ń wò wọ́n. Kò sí ohun tá a fẹ́ bá ara wa sọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò mà le. Ẹnu náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Marcene, ilé Marigold ni mo fẹ́. Ó ti dé orí ahọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbé e mì bí oògùn kíkorò. Torí ta ló máa gbà mí gbọ́? Èmi tí mo máa ń fi àwọn ará ìgboro ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹnì kan ò lè húkọ́ láàárín wọn kí ẹlòmíì má gbọ́. Ọjọ́ tí mo fa oko lé Curtis ọmọ mi lọ́wọ́, ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, ẹ wá ibi tó jìnnà sí èrò o. Tí ariwo bá yí yín ká, orí yín á dàrú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mirí bí àgbà. Àṣé... àbí mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn? Mi ò mọ̀. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ̀, ṣebí àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ yìí —

Ẹ̀rín tún ń pa mí. Èmi nìkan nínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀rín ń pa mí bí ẹni tó gbé adìyẹ aládìyẹ sábẹ́ ẹ̀wù.

Marigold, lẹ́bàá ojúde ńlá, níbi tí wọ́n ti ń kọrin ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí àwọn àgbàlagbà ń jó bí ẹni pé Ọlọ́run ò dá orúnkún mọ́ wọn. Àwọn ilé ibẹ̀ fún mọ́ra wọn. Tó o bá sín, aládùúgbò á kí ẹ láti inú yàrá tirẹ̀. Corinne ò tilẹ̀ fẹ́ ká dúró níbẹ̀. "Ibí yìí ò lè bá yín lára mu, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká kàn gba ibẹ̀ kọjá." Marcene náà ní, "Verlyn kẹ̀? Láéláé." Ṣùgbọ́n Marcene fẹ́ lọ tọ̀, Corinne bá ṣílẹ̀kùn ilé kan tí wọ́n ń tà níbẹ̀ fún un. Èmi dúró síta. Ni ọkùnrin kan bá nahùn sí mi láti orí fàráńdà ilé tó tẹ̀ lé e. Kò kí mi, kò béèrè orúkọ mi.

"Ọ̀gá, ṣé o mọ káàdì ta?"

Mo wẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíì. Èmi ló ń bá wí.

"Díẹ̀díẹ̀ ni," mo ní.

"Díẹ̀díẹ̀ náà tó. Wá jókòó kí oòrùn tó yan ẹ́ bí ẹran. Ẹnì kẹrin wa ti lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọmọ ẹ̀. Àwa mẹ́ta kàn ń wo ara wa bí òpònú látàárọ̀."

Duane Pruitt ni, panápaná ni ní Ohio kó tó fẹ̀yìntì. Mo jókòó. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Iowa, mo ní màlúù ni mo ń sìn. Duane bá pàtẹ́wọ́: "Á à! Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń bá màlúù gbé ò mọ irọ́ pa. Ojú ẹ̀ la máa fi ka káàdì ọwọ́ ẹ̀ tán!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kí wọ́n máa rín in. Gbogbo ayé mi ni màlúù fi ń wò mí lójú, kò sí èyí tó rí ohunkóhun kà níbẹ̀ rí. Mo mú ojú mi le bí òkúta. Mo jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀, mo jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀... káàdì ìgbẹ̀yìn ni mo wá jù sílẹ̀ —

Mo pariwo!

Èmi. Mo pariwo, mo gbá tábìlì, kọfí Duane dà sílẹ̀. "Ẹ lọ sùn!" ni mo ń kígbe. "Gbogbo yín, ẹ lọ sùn!" Mi ò mọ ibi tí ohùn yẹn ti jáde. Ìyá àgbà kan bá gbóhùn sókè láti ojú fèrèsé ilé kejì, kò tilẹ̀ yọjú: "Duane! Ta ló ń nà ẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Àgbẹ̀ kan ni, Bernadine! Olè tó múra bí àgbẹ̀!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀! Bi í bóyá ó ti jẹun!"

Bi í bóyá ó ti jẹun. Kò rí mi o. Kò mọ̀ bóyá mo ga, bóyá mo kúrú. Nílé wa lọ́hùn-ún, tí iná mọ́tò bá tàn lójú ọ̀nà, ńṣe là ń yọjú wo ẹni tó ṣìnà.

Ṣùgbọ́n... dúró ná. Káàdì lásán ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àgbàlagbà kì í torí eré káàdì ra ilé. Bóyá torí pé mo nà wọ́n ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n nà mí ńkọ́? Ṣé ara mi á yá báyìí? Jẹ́ kí n rò ó dáadáa. Ká ní wọ́n nà mí, ká ní Duane pè mí ní olórí màlúù lójú gbogbo wọn... ǹ bá ṣì fẹ́ padà. Ǹ bá tilẹ̀ sáré padà ni, kí n lè gbẹ̀san!

"Ọ̀la o, Iowa," ó ní nígbà tí mo ń lọ. "Má jẹ́ kí n wá ẹ wá."

Ọ̀la. Tí Marcene bá ti fọwọ́ sí tibí yìí, kò sí ọ̀la kankan. Corinne ní àwọn tọkọtaya kan ń bọ̀ láti Michigan wá wo Heron Bend, òní la gbọ́dọ̀ fèsì. Ilé tí wọ́n ń tà ní Marigold náà kì í sì í pẹ́ tà, Corinne ló wí bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá ní kóun sùn ná kóun tó fèsì, ẹlòmíì ló máa jí síbẹ̀." Ibi tá a bá kó ẹrù wọ̀ báyìí, ibẹ̀ náà nìyẹn. Ọjọ́ orí wa ti kọjá kó-wọlé-kó-jáde.

Marcene ńkọ́, òun fúnra ẹ̀? Ronú, Verlyn. Nígbà tó jáde ní Marigold tó bá mi pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, ó dúró, báàgì rẹ̀ ń fì lápá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń fi imú kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni! Ó ń kọrin títí a fi kọjá adágún omi. Ìgbà tá a wọ Heron Bend ló dákẹ́. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ohun tó ń wí ni, "Ó parọ́rọ́, àbí? Ó parọ́rọ́, Verlyn." Ó ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà hàn mí bí ẹni fẹ́ ta mí lọ́rẹ. Torí tèmi ni. Torí tèmi ló ṣe ń wọn ògiri yẹn.

Àyà mi sì ń lù kìkì. Látàárọ̀ ló ti ń lù. Mo rò pé oòrùn ni. Mo rò pé àìsàn ni, mo tilẹ̀ ń wo ibi tí ilé ìwòsàn wà bá a ṣe ń kọjá. Mo ní bóyá oko ni mò ń ṣàárò. Ó dáa, jẹ́ kí n ṣàárò ẹ̀ nígbà náà. Géètì ńlá. Òórùn koríko gbígbẹ. Òwúrọ̀ tí yìnyín bo gbogbo pápá... Mo ń dúró kí ìbànújẹ́ dé.

Kò dé.

Ìgbà wo ni irú èyí ṣe mí kẹ́yìn? Kí n jí, kí nǹkan kan wà tí mo fẹ́? Kì í ṣe ohun tó pọn dandan o. Òjò pọn dandan. Koríko pọn dandan. Ohun tí màlúù bá nílò ni mo máa ń fẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ bá nílò. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí lèmi fẹ́, èmi náà ò bi ara mi, torí iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ẹ̀rù kọ́ ni. Àyà tó ń lù látàárọ̀ yìí, ẹ̀rù kọ́. Mò ń fẹ́ nǹkan ni! Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, mò ń fẹ́ nǹkan débi pé ara mi ò gbà á, mi ò sì dá a mọ̀, torí ó ti pẹ́ tá a ti ríra.

Ilẹ̀kùn ń dún. Bàtà Marcene rèé lórí síméńtì. Mo ti wà lórí ìdúró. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀. Ẹnu mi ti là, mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́.