Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ Tó Ń Dáhùn

Ẹ̀rù kì í tètè ba Ìyá Fíríìjì. Ó ti pẹ́ tó ti ń tú fíríìjì palẹ̀, tó ń tò ó padà, ohun tó sì máa ń sọ ni pé kò sí ẹ̀rọ tó ń ya wèrè, ẹni tó ni ín ni kì í gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìborùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí ọkọ òun fi ń rọ afẹ́fẹ́ ń tan ara rẹ̀, ẹ̀rín ló fi pàdé e.

"Ìyàwó wa, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Tí afẹ́fẹ́ inú táńkì bá ti lọ sílẹ̀, súìṣì á tan án kó lè rọ òmíràn sí i. Ibì kan ló ń jò. Ṣáà yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀."

"Mo ti yọ ọ́, Àǹtí." Ìyàwó ò jókòó. "Kò tan mọ́. Àmọ́ ó ṣì ń dá mi lóhùn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ìyá Fíríìjì.

Péńtà mọ́tò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó kú. Gáréèjì ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń ṣiṣẹ́, ìbòjú á bò ó nímú bò ó lẹ́nu. Tí ìyàwó bá pariwo láti fèrèsé ilé ìdáná pé oúnjẹ ti délẹ̀, kò ní lè dáhùn; ìbọn afẹ́fẹ́ tó fi ń fọ́n ọ̀dà ló máa ń tẹ̀: fíì, fíì. "Mò ń bọ̀" nìyẹn. Àwọn ọmọ á ní bàbá àwọn tún ti ń jò bíi táyà.

Àwọn méjèèjì jọ lọ. Òórùn ọ̀dà ṣì wà nínú gáréèjì, ilẹ̀kùn mọ́tò kan tí wọ́n ha ọ̀dà rẹ̀ dé ìdajì sì wà lórí tábìlì, eruku ti bò ó. Ìyá Fíríìjì ki púlọ́ọ̀gì bọ iná. Ẹ̀rọ náà ké, ó kún, ó dákẹ́. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó po ọṣẹ sínú abọ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo oríkèé páìpù. Níbi tí páìpù ti wọ táńkì, ìfófó wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta.

"O rí i? Ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn."

Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó tú rọ́bà ìbọn afẹ́fẹ́ kúrò lára táńkì, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tán pátápátá, ó sì ṣí nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Omi ìpẹtà pupa dà jáde. Ó fi sípánà tú fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn: rọ́bà inú rẹ̀ ti sán.

"Àìsàn ẹ̀ nìyí. Lọ fọkàn balẹ̀, jàre."

Ìyàwó mi orí, ó wọlé lọ. Ìyá Fíríìjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fáàfù wà lọ́wọ́ rẹ̀, táńkì lanu sílẹ̀ gbayawu. Láti fèrèsé ilé ìdáná, ó gbọ́ ohùn ìyàwó:

"Ẹ máa bọ̀ o, oúnjẹ ti délẹ̀!"

Kí ó tó la ẹnu: fíì, fíì.

Ohùn náà ò wá láti inú táńkì. Ìbọn afẹ́fẹ́ tó fi ara kọ́ ìṣó lára ògiri ló ti wá. Eruku orí ilẹ̀kùn mọ́tò gbéra níwájú rẹ̀, ó fò díẹ̀, ó tún bà. Ìyá Fíríìjì wo rọ́bà ìbọn náà títí dé ìdí. Ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò so mọ́ nǹkan kan. Ó fi àtàǹpàkò dí i bí ẹni dí ọmọdé lẹ́nu. Ẹnu rọ́bà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èémí.

"Bùọ̀dá?" Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ kékeré.

Nígbà tó yíjú, ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi ìfọwọ́.

"Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́ ọ?"

Irọ́ tó rọrùn ti wà lẹ́nu Ìyá Fíríìjì, pé afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ni. Àmọ́ ó wo ojú obìnrin náà, ó rí bó ṣe ti gbẹ tó.

"Àwọn ọmọ ní kí n lọ rí dókítà orí," ni ìyàwó wí. "Àǹtí, mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ti dàrú ni."

"Orí rẹ pé. Mo gbọ́ ọ, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

Ìyàwó rọra gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, irú èyí tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ìyá Fíríìjì dì í mú, ojú òun náà sì wà lára ìbọn tó kọ́ lára ògiri, nítorí kò lè kọ ẹ̀yìn sí i.

Iwájú ilé ni wọ́n ti jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú oòrùn gangan. Ibẹ̀ ni Ìyá Fíríìjì ti pe àkọ́bí lórí fóònù, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Ọmọ náà ní òun ń bọ̀ wálé, ó sì wá, ó dúró ti ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ dókítà orí mọ́.

Ìyá Fíríìjì ra fáàfù tuntun, ó lọ fi í sí i. Ọwọ́ tó tú ẹ̀rọ ló yẹ kó tò ó. Kò jò mọ́. Ó kàn jẹ́ pé ó ní kí ìyàwó wá jókòó ti òun nínú gáréèjì títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí ó sì máa bá òun sọ̀rọ̀ lóhùn jẹ́jẹ́, kí ìbọn ara ògiri má baà tún dáhùn.