Ọmọ Tí Kò Jà

Ní àdúgbò tí Ràmọ́tà ń gbé ní Ọ̀yọ́, bí ọmọ bá kọ oògùn, òun ni wọ́n ń sáré wá pè. Kì í ṣe pé ó kàwé o, kì í sì í ṣe pé ó ń tàgbo. Ọwọ́ lásán ni. Yóò jókòó sílẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sí i, yóò ká ọwọ́ òsì sí ẹnu rẹ̀, yóò fi ìka dí imú. Kí ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, oògùn ti dé ikùn. Ọmọ á ké, á ta ẹsẹ̀, á máa fi ojú bú u. Ẹ̀rín ni Ràmọ́tà fi ń dá a lóhùn. "Bú mi dáadáa, ọkọ mi. Tó o bá dàgbà, wàá ra bàtà fún mi."

Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó ti mọ̀ ọ́n jù.

Nítorí náà, nígbà tí Basit, ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, pè é lórí fóònù pé ibà ń ṣe Bushrah ọmọ òun, pé gbogbo oògùn tí wọ́n ń fún un ló ń tu dànù, Ràmọ́tà kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Sọ fún ìyàwó rẹ kó má fìyà jẹ ọmọ mi mọ́. Mò ń bọ̀." Ó ká aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó wọ mọ́tò.

Inú mọ́tò ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ Bushrah? Ọmọ tí kò tíì rìn dáadáa, tó ń bá àgbàlagbà jà! Nígbà Iléyá tó kọjá tí wọ́n wá sí Ọ̀yọ́, Ràmọ́tà fẹ́ fún un ní oògùn ikọ́, ọmọ náà fi eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù di ìka rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ yẹn nìkan ló ṣẹ́gun Ràmọ́tà rí, ó sì ń dùn ún díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.

Basit háyà yàrá méjì nítòsí Sábó. Waliyat ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ káàbọ̀, Màámi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ó tu ú dànù lánàá, ó tún tu ú láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì tó fún wa ní oògùn ní bí kò bá dúró nínú rẹ̀, ká tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo ti fẹ́ máa lọ, Basit ló ní kí n dúró dè yín."

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ìyàwó. Gbé ọmọ wá, kó o gbé oògùn wá. Kò sóhun tó ń jẹ́ ilé ìwòsàn."

Wọ́n tẹ́ Bushrah sí i lẹ́sẹ̀. Ara ọmọ náà gbóná bí áyọ́ọ̀nù bàbá rẹ̀. Ràmọ́tà ká ọwọ́, ó dí imú, ó múra ìjà. Ìjà kò wá. Ọmọ náà la ẹnu díẹ̀, oògùn wọlé, ọ̀fun rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e mì. Kò ké. Kò ta ẹsẹ̀. Àjà ilé ló ń wò, kò wo ẹnì kankan.

"Háà, Màámi!" Asiyah, alájọgbé wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, pàtẹ́wọ́. "Ọwọ́ yín yàtọ̀ o!"

"O ò tíì rí nǹkan kan," ni Ràmọ́tà wí. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Waliyat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, kò sunkún."

"Ṣé ẹkún lo fẹ́ ni? Ẹ̀yin ìyàwó òde òní! Ọmọ ké, wàhálà. Ọmọ dákẹ́, wàhálà. Ó ti mọ ẹni tó gbé òun lọ́wọ́ ni."

Waliyat gba ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Kò lè bá a jiyàn. Ìyá ọkọ ni.

Ọ̀sán náà gùn. Ràmọ́tà jẹun, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lórí fóònù. "Bushrah náà ni o! Ó gbé e mì bí ẹni ń lá oyin!" Nígbà tí Waliyat mú ìborùn pé òun fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, Ràmọ́tà ní kó jókòó. Nígbà tí Basit pè pé ṣé kí òun ti ṣọ́ọ̀bù, kí òun máa bọ̀ nílé, Ràmọ́tà já fóònù gbà. "Máa ránṣọ rẹ. Ó ti mu ún, ó ń sùn." Oorun wo ni ojú kì í pa dé tán nínú rẹ̀? Ẹyinjú ọmọ náà ń hàn funfun lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ràmọ́tà rí i. Ó rí i o! Ó ní àárẹ̀ ibà ni.

Eṣinṣin kan bà sí igun ètè Bushrah. Waliyat lé e, ó tún padà wá. Ọmọ náà kò gbọnrí, kò fọwọ́ nu ẹnu. Ràmọ́tà kọjú sí tẹ̀súbáà rẹ̀, ó ń kà á lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yé padà sọ́dọ̀ eṣinṣin yẹn.

Lẹ́yìn ìrun alásàrì, ó tó àkókò oògùn tó ń mú ooru ara wálẹ̀. Ràmọ́tà tún tẹ́ ọmọ sẹ́sẹ̀, ó tiẹ̀ pe Asiyah kó wá wòran. Oògùn wọ ẹnu. Ọ̀fun kò gbéra. Ó dúró, ó tún dúró. Omi pupa náà rọra yọ ní igun ẹnu tí eṣinṣin bà sí, ó ṣàn lọ sí etí ọmọ, ó kán sórí ìró rẹ̀.

"Bushrah." Ó fi ìka gbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Bushrah, bú mi." Ó já a léèékánná, ó já a gan-an. Ẹsẹ̀ náà wà bó ṣe wà.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé e. Ọmọ yìí kò gbà fún òun lọ́sàn-án. Agbára tó fi ń kọ̀ ló ti tán. Òun sì gba ìyìn sí i! Ẹni tó ń sunkún ríran. Òun tó ń yọ̀ ni kò ríran.

"Yéè, mo gbé! Ìyàwó, mú ìborùn! Asiyah, bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró!"

Kẹ̀kẹ́ gba Ọjà Igbó, wọ́n pe Basit jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ràmọ́tà gbé etí lé àyà ọmọ, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń gbọ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà ní ibà náà ti gun orí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí imú ọmọ rọ nǹkan sí i lẹ́nu mọ́, pé ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

"Ṣé ó máa yè é?" ni Basit bèèrè.

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Ràmọ́tà fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, Waliyat dì í mú. "Ẹ má kúnlẹ̀, Màámi. Ẹ sáà máa ṣàdúrà." Ohùn rẹ̀ tutù débi pé ìbá sàn kó bú u.

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó tún ṣú. Gbogbo ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn ló ń ké, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló dákẹ́. Ràmọ́tà, tó ti pa ẹkún ọmọ tì láìmọye ìgbà, ń jowú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, Bushrah la ojú. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n rọra máa kán oògùn sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Waliyat gba síríńjì. Ó nà án sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Èmi kọ́, ìyàwó. Kì í ṣe èmi mọ́."

"Ẹ gbà á, Màámi. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ràmọ́tà gbà á. Kò dí imú. Ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó kán díẹ̀ sí i. Ojú Bushrah wà lára àjà. Oògùn náà dúró lẹ́nu.

"Jọ̀ọ́," ni Ràmọ́tà wí. "Jọ̀ọ́, kọ̀ fún mi."

Ọmọ náà fajú ro. Ó tu oògùn pùú sí ìyá àgbà lójú, ó ké, ó sì fi eyín di ìka rẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ̀ yọ.

"Ẹ fà á yọ, Màmá!" ni nọ́ọ̀sì ké.

Ràmọ́tà kò fà á yọ. Omijé àti oògùn ń ṣàn pọ̀ lójú rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Ẹ fi í sílẹ̀, kó jẹ ẹ́ tán."