Ẹ Má Tíì Tú Súẹ́tà Màmá

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú súẹ́tà yẹn o. Mo mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́ lánàá pé, nígbà tí Màmá ti kú láìparí ẹ̀, tó ku apá kan, ká kúkú tú u, ká fi òwú ẹ̀ hun fìlà fún ọmọ mi. Àmọ́ mo lálàá.

Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kroṣé wọn hun apá tó kù yẹn. Ewúrẹ́ ló wọ súẹ́tà náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Wọ́n de bọ́tìnì fún un títí dé ọrùn, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó ń lọ iléèwé. Bí Màmá ṣe ń hun apá náà ni ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, Màmá ò sì lé e. A ò kúrò níbẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ti di etí odò, ewúrẹ́ ṣì ń jẹ apá súẹ́tà.

Màmá wá bọ́ súẹ́tà náà lọ́rùn ewúrẹ́, wọ́n nà án sí mi.

"Gbà, parí ẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òkú lójú àlá. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ní, "Màmá, mi ò mọ kroṣé hun."

Wọ́n ní, "Èmi ni mò ń na nǹkan sí ọ, lo wá káwọ́ sẹ́yìn?"

Ni mo bá jí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́wọ́ méjèèjì.