Orí Ìkẹyìn Tí Bàbá Ìmísí Kò Kà

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé mọ́. Ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ tútù, ewé ìwé sì ń já bọ́ láti òkè wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ewé igi lásìkò ọyẹ́. Odò tóóró kan ń ṣàn gba àárín àwọn àga kọjá. Ìyá Ìmísí jókòó síwájú, àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ wà lórí itan, kò sì bẹ̀rù.

Ó gbọ́ ikọ́ kékeré kan, irú èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń wú kó tó ṣí ìwé.

Ó gbójú sókè. Bàbá Ìmísí, tó ti sùn nínú Olúwa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ló jókòó sódìkejì odò náà nínú bùbá tó máa ń wọ̀ nílé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí bùbá nù ún.

"Àyọ̀ká," ó fi oríkì pè é, "ibo la bá a dé?"

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi í ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn àdúrà ilé. Ọkùnrin náà a ka ìwé ìtàn àtijọ́ sókè, ìyàwó rẹ̀ a máa bó ẹ̀gúsí, a sì máa dá ìtàn náà lẹ́jọ́. Ó ní àwọn òǹkọ̀wé ayé ijọ́un a máa ṣàpèjúwe igbó títí ọbẹ̀ á fi jóná. Ó ní akọni inú ìwé mọ bí a ti ń pa ẹkùn, kò mọ bí a ti ń sọ "má bínú" fún ìyàwó ẹni. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn akọni náà sì kú nítorí ìfẹ́, ó ní, "Ìfẹ́ wo? Àìjẹun ló pa á." Bó bá wá ku díẹ̀ kí ìtàn parí, Bàbá Ìmísí a fi ìka sáàárín ìwé, a pa á dé, a ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?" Àfi tí ìyàwó rẹ̀ bá dáhùn kó tó kà á tán.

Ìwé tí wọ́n kà kẹ́yìn ni ti Bọ́sẹ̀dé, ọmọbìnrin tó bá ìyá rẹ̀ jà, tó sì bá oníṣòwò kan sọdá odò lọ. Ọ̀rọ̀ náà ká Ìyá Ìmísí lára débi pé ó gbé e lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n fi omijé bẹ Olúwa fún Bọ́sẹ̀dé. Àfìgbà tí wọ́n dìde tí Ìyá Ìjọ béèrè pé, "Ọmọ ta ni, ká lọ kí ìyá rẹ̀?" Bàbá Ìmísí gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àdúrà náà á gbà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó ku orí ìkẹyìn nígbà tí àìsàn gba ohùn lẹ́nu ọkọ rẹ̀.

Lánàá ni Ìmísí wálé láti kó àwọn ìwé náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ jẹ́ n ka ìyókù fún yín ná." Ìyá rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀. Bí mo bá gbọ́ òpin rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ló kù tí bàbá rẹ á tún bá mi ṣe?"

Nísinsìnyí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lórùlé, ó wí pé, "Orí ìkẹyìn ló kù. Ẹ wá kà á. Mo ti ń dúró."

Ọkọ rẹ̀ sọdá odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù. Ó fi awò náà sí ìyàwó rẹ̀ lójú. Ó gba àtẹ ẹ̀gúsí lórí itan rẹ̀.

"Ìwọ kà á. Èmi á máa bó o."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ́ gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́!"

"Wọ́n ti kọ́ mi ní sùúrù níbi tí mo wà."

Ìyá Ìmísí rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Ohùn mi kò dà bí tiyín."

"Ta ló ń ka Sáàmù sí mi létí nígbà tí n kò lè dáhùn mọ́?" Ó tẹrí ba sórí àtẹ náà. "Ohùn yẹn ló sìn mí dé etí odò, Àyọ̀ká."

Obìnrin náà fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ bi í bóyá Bọ́sẹ̀dé padà wálé. Ẹ̀gúsí kan là lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó dún pá, Ìyá Ìmísí sì la ojú.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ìmísí ló ń fi okùn di páálí ìwé ní pálọ̀, okùn ń dún bó ti ń fà á le. Ìyá rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ni òkú òun alààyè, ó sì mú awò ọkọ rẹ̀ nínú àpótí. Ó fi etí ìró nù ún.

"Tú páálí yẹn," ó wí. "Gbé àtẹ ẹ̀gúsí wá, kí o sì jókòó."

Ìyá náà ka orí ìkẹyìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé ibi tí Bàbá Ìmísí ìbá ti dánu dúró láti mí, òun náà mí. Bọ́sẹ̀dé sọdá odò padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ lálẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn.

Ojú ewé kan péré ló kù. Ìyá Ìmísí wúkọ́ díẹ̀, ó fi ìka sáàárín ìwé, ó pa á dé.

"Mọ̀ọ́mì! Ṣé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ wí.