Irin Eléyín Lábẹ́ Bàtà

"Eyín ta ni èyí lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun?"

Bánjọ fi ìka méjì gbé irin náà sókè bí ẹni gbé òkú eku. Kíkẹ́olúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kò dáwọ́ àpò tí ó ń dì dúró.

"Dádì, abẹ́ bàtà la ń dè é mọ́, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ lórí yìnyín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni yóò wọ bàálù lọ sí Nọ́wè, nítorí àsìkò oòrùn àwọn òyìnbó ti dé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò wa mọ́tò gba àárín àwọn òkè, wọn yóò sì rìn lórí yìnyín àtayébáyé tí ó bo àwọn òkè náà. Fún ìgbádùn! Ní Ẹ̀kìtì, ẹsẹ̀ lásán ni ìyá Bánjọ fi ń gun òkè lọ ṣẹ́gi. Ta ni ó pe ìyẹn ní ìgbádùn? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oyin wo ni ó wà nínú yìnyín?

Ìdí nìyí tí ó fi kọjú sí ògiri nígbà tí ọmọ náà kúnlẹ̀ fún àdúrà ní òwúrọ̀. Kíkẹ́olúwa kò rin ìrìn-àjò kankan rí láìjẹ́ pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ kan orí rẹ̀. Kò sì mọ bí yóò ti wọ bàálù láìgba ìre náà.

"N kò ní súre fún ẹni tí ó ń fowó ra ikú," Bánjọ tún wí. "Bí ó bá jẹ́ òkè ni ò ń wá, ṣé òkè Mpape jìnnà sí Lokogoma tí à ń gbé yìí ni?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ, sà. Àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

Ẹ̀rù kẹ̀! Ó já kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kúrò lórí ìṣó.

Àárín òkè Mpape ni bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ̀. Àwọn tí ń fọ́ òkúta nísàlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kí i pẹ̀lẹ́ ní èdè tiwọn.

"Kai! Sànnu, Alhaji!"

Alhaji? Òun, odindi díákónì! Ó yíjú láti bú wọn, ó sì tún yọ̀. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dádì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀."

Ohun tí ìyá Bánjọ máa ń wí nìyẹn, láìbojú wẹ̀yìn, bí òun ti ń tẹ̀ lé e lọ ṣẹ́gi. Òun náà sì ti wí i fún Kíkẹ́olúwa lọ́nà odò, nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó tẹ ibi tí ọmọ rẹ̀ tẹ̀. Kò yọ̀ mọ́.

Lókè pátápátá, Kíkẹ́olúwa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀. Orí rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀, ọwọ́ náà sì bà lé e kí Bánjọ fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ọmọ náà kò mira.

"Irin yẹn," Bánjọ bi í, ohùn rẹ̀ ṣì le koko, "ṣé eyín rẹ̀ mú dáadáa?"