Ọmọ tí Àwẹ̀ró Fi Ránṣẹ́ sí Bọ́mà

Ọ̀sán gangan ni Àwẹ̀ró lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má rò pé òru ni. Ní Ìgbájọ ni, lọ́dún tí ogun Bọ́mà gbóná. Láyíwọlá ọkọ rẹ̀ ti di sójà, ó sì ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti ọdún méjì. Lẹ́tà nìkan ló so wọ́n pọ̀. Tíṣà Fádípẹ̀ ní í bá Àwẹ̀ró kọ ọ́, òun náà ní í bá a ka èsì. Ìbéèrè kan náà nípa ọmọ wọn ni Láyíwọlá fi ń parí tirẹ̀: "Mopélọ́lá ńkọ́?" Àwẹ̀ró á ní kí wọ́n kọ ọ́ pé, "Ó wà dáadáa, ó ń kí yín." Bẹ́ẹ̀, ibà ti gbé ọmọ náà lọ láti oṣù méje. Ẹ̀rù ń ba Àwẹ̀ró pé bí bàbá ọmọ bá gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ á rọ lójú ogun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun gbé e lọ. Ó bá ara rẹ̀ ní pósítọ́fíìsì. Ilé náà kò kan ilẹ̀, ó ń léfòó lókè ọ̀pẹ. Àwẹ̀ró ká ìró rẹ̀ sókè, ó gun afẹ́fẹ́ bí ẹni gun àkàsọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin kan tó de táì, kó gbogbo lẹ́tà Àwẹ̀ró sórí tábìlì.

"Ìyá Mopélọ́lá, àwọn wọ̀nyí ò gbà láti lọ."

"Kí ló dé, sà?"

"Ẹ bi wọ́n."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ la ẹnu. Ohùn Mopélọ́lá ló fi sọ̀rọ̀: "Ìyá mi, ẹ ní mo ń kí bàbá mi. Ìgbà wo ni mo rán yín?" Àwọn yòókù ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, jẹ́jẹ́, bí ọmọ iléèwé tó ń kàwé.

Lójú kan náà, ẹ̀yìn tábìlì di igbó, òjò ń rọ̀. Láyíwọlá jókòó sídìí igi, ó gbé ọmọ kan tí wọ́n fi bébà ṣe lé itan. Òjò ń pa ọmọ bébà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ya.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ọmọ tí o fi ránṣẹ́ sí mi rèé. Kò wúwo rárá. N ò mọ bí mo ṣe máa gbé e délé."

Àwẹ̀ró yíjú sí ọ̀gá pósítọ́fíìsì pé kó bá òun kọ èsì. Ọ̀gá ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́," ni òbúkọ wí, ó sì ń jẹ sítáǹbù lọ.

Nígbà tó jí, ewúrẹ́ aládùúgbò kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ èèpo iṣu. Àwẹ̀ró ò lé e. Ó fa ìborùn, ó kọjá lára rẹ̀, ó gba ilé tíṣà lọ.

"Ṣé bí a ṣe máa ń kọ ọ́ náà ni?" Tíṣà ti mú gègé.

"Rárá, tíṣà. Ẹ kọ ọ́ pé, Bàbá Mopélọ́lá, ẹ jókòó. Kí ẹni tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí má tíì lọ."

Tíṣà kọ ọ́, ó dúró. Àwẹ̀ró dárúkọ Mopélọ́lá, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibà ti gbé e lọ.