Ìlà Àwọn Tó Ti Lọ

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1984, ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé tí Salamatou ń kó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlera Bantè: àwọn tó ń ṣàìsàn, àwọn tó kú, àwọn tó ti lọ. Ìlà kẹta yìí, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi kún un. Ọ̀pọ̀ ará oko ló ń kó ẹbí wọn kọjá ààlà lọ wá iṣẹ́ ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sì pọ̀ tó èyí tí a ó máa gbé lọ bá ilé òfìfo. Adamou, ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì àgbà tó wà ní Savalou, yìn ín lójú gbogbo òṣìṣẹ́. "Kámáráàdì Salamatou," ni ó wí, "ẹ̀yin lẹ fún wa lójú."

Ọjọ́ Ajé ni ìwé ń lọ sí Savalou. Adamou á to iye inú rẹ̀ sára pátákó ńlá kan, abúlé tí aláìsàn àti òkú rẹ̀ lápapọ̀ bá pọ̀ jù ni ọkọ̀ abẹ́rẹ́ á gbà lọ. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Bí ìwé bá ṣe wí ni ọkọ̀ ń ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ yìí, àìsàn tí ń sú sí ọmọdé lára, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní rùjọ́ọ̀lù, ti wọ abúlé Agoua. Ibẹ̀ ni Sikirath, àbúrò Salamatou, ń gbé pẹ̀lú Moumouni, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo tó kù fún un nínú ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìwé tí Razack, tó máa ń gun mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì kiri àwọn abúlé, mú ti Agoua dé, kò ba ènìyàn lẹ́rù: aláìsàn mẹ́ta, òkú kò sí, mẹ́rìnlá ti lọ. Salamatou mí kanlẹ̀. Ó dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló tó yẹ ẹ̀yìn ìwé ti ọwọ́ Razack wò, níbi tí ó ń kọ ọjọ́ orí àwọn tó ti lọ sí. Ọdún kan. Ọdún méjì. Oṣù mẹ́jọ. Kò sí àgbà kankan láàárín wọn.

"Razack, ibo ni àwọn wọ̀nyí lọ?"

"Há, Tàǹtí, wọn ò sọ ibẹ̀." Ọmọ Savalou ni Razack, èdè Màhì ló dùn lẹ́nu rẹ̀ jù. "Mo bi wọ́n pé, 'Ọmọ ńkọ́?' Wọ́n ní, 'Ó ti lọ.' Mo sì kọ ọ́ sí ìlà tiyín."

"Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló dá lọ sí Nàìjíríà?"

Razack rẹ́rìn-ín. "Bóyá ó rí ọkọ̀ ọ̀fẹ́." Ló bá wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí tó bá sì bọ́ mọ́ ìyá lọ́wọ́ ní Agoua, wọn kì í dárúkọ ikú lé e lórí, kí ikú má baà gbọ́ kó padà wá mú èyí tó kù. Ó ti lọ, ó tán. Láti kékeré ni Salamatou ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó ń fa ìlà kẹta. Rúlà ló gbájú mọ́ lọ́jọ́ náà, kò rántí ìyá rẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu, ó dé Savalou kí oòrùn tó kanrí. Adamou gbọ́ ọ títí dé òpin. Ènìyàn burúkú kọ́.

"Ọkọ̀ ti lọ sí Tchetti láàárọ̀ yìí," ni ó wí. "Aláìsàn méjìlá ni ti wọn. Ti Agoua, mẹ́ta."

"Mẹ́tàdínlógún ni, ọ̀gá. Mẹ́rìnlá ti kú nínú wọn."

"Níbo ló wà nínú ìwé?"

"Èmi ni mò ń sọ ọ́ fún yín."

"Mo gbà yín gbọ́, Kámáráàdì. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí ọkọ̀ padà lónìí, lọ́la ẹni tó lágbára jù yín lọ á wá fi ẹnu yí i. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí á máa tẹ̀ lé ìwé?" Ó wo pátákó. "Abẹ́rẹ́ tó wà nínú àpótí yìnyín yẹn á tán ní Tchetti. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òmíràn tó wọlé. Ẹ mú ìwé tuntun wá lọ́jọ́ Ajé kí a lè fi pín in."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Razack fi mótò gbé e dé Agoua, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Sikirath jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Salamatou wo inú ilé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ká ẹní kékeré náà, wọ́n fi ti ògiri. "Moumouni ńkọ́?"

Sikirath mú òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù. "Ó ti lọ."

Nígbà tó yá, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ebè tuntun kan hàn án. Kò gùn ju apá ènìyàn méjì lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Salamatou kọ ọ́ sínú ìwé tuntun: òkú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní Ọjọ́rú, ìwé náà ti Savalou padà pẹ̀lú yíǹkì pupa: òkú kò lè ti òfo fò dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ kan, iye tí ẹ fi ojú ara yín rí nìkan ni kí ẹ kọ.

"Tàǹtí," ni Razack wí, ó na bíírò sí i, "mélòó ni kí n kọ?"

Salamatou gba bíírò náà. Ebè kan ṣoṣo ló fi ojú ara rẹ̀ rí. Ó kọ ọ̀kan. Ìyẹn ni Savalou gbà, ọ̀kan kò sì tó pe ọkọ̀.